Igi àràbà kan, ìwọ̀n méjì tí kò bára mu: èwo ni ká gbà gbọ́?

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, mo sì fẹ́ kí ẹ dá sí i kí ọjọ́ Sátidé tó dé. Igi àràbà kan wà lẹ́yìn ilé bàbá wa ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ààrá sán pa á ní èṣí, gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ sì ti rà já bọ́ díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọ̀pá gbọọrọ kan ṣoṣo ló kù tó nà sójú ọ̀run. Ẹbí ti fẹnu kò pé kí a gé e, ṣùgbọ́n ilé ìdáná ìyá wa kò jìnnà sí i. Láti àárín ìdí igi dé ara ògiri ilé ìdáná jẹ́ mítà 28. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá igi náà ga ju mítà 28 lọ tàbí kò ga tó bẹ́ẹ̀.

Mo rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé nípa àwọn onígun mẹ́ta tó jọra. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí oòrùn ti mú dáadáa, mo gbé ọ̀pá kan tó gùn ní mítà 1.50 nàró sórí kọnkéré iwájú ilé, òjìji rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1.20. Kíá ni mo lọ wọn òjìji igi náà, èyí tó nà lọ sí apá ìsàlẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ sí oko kòkó, mo sì bá mítà 24.4. Mo fi 1.50 sọ 24.4 di púpọ̀, mo fi 1.20 pín in, ó fún mi ní mítà 30.5. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, orí igi yìí lè wó lé ilé ìdáná.

Àbúrò mi obìnrin tó wà nílé ìwé girama ní n kò mọ̀ ọ́n wọ̀n. Ó ṣẹ́ bébà po, ó lọ dúró sí ojú ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ ilé wa kọjá, ó fi ojú kan wo orí igi, ó ní mítà 26.5 ni. Mítà 4 ló wà láàárín èmi àti òun, inú mítà 4 yẹn gan-an ni ilé ìdáná sì wà. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni ká gbà gbọ́?

Olùkọ́ Ìṣirò, Ìkéré:
Ọmọ Ẹ̀fọ̀n, ẹ ṣe dáadáa tí ẹ kọ́kọ́ béèrè kí ẹ tó pe agégi. Ìṣirò yín kò ní àṣìṣe kankan. Ibi tí ẹ gbé ọ̀pá yín sí ni àṣìṣe wà.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìpìlẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé àwọn ọmọ ilé ìwé ń ka ibí yìí. Bí igi bá dúró ṣánṣán lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, igi náà, òjìji rẹ̀, àti ìtànṣán oòrùn tó gba orí igi kọjá wá kan ẹnu òjìji, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta para pọ̀ di onígun mẹ́ta tí igun ìdí rẹ̀ jẹ́ dìgírì 90. Ọ̀pá kúkúrú tí a rì sí tòsí rẹ̀ ń ṣe onígun mẹ́ta tirẹ̀ pẹ̀lú. Oòrùn jìnnà sí wa tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí ìtànṣán tó kan igi àti èyí tó kan ọ̀pá fi ń dà gẹ̀rẹ́ bákan náà. Nítorí náà igun tí ìtànṣán fi ń bá ilẹ̀ pàdé kò yàtọ̀ nínú àwọn méjèèjì. Igun 90 bá 90 mu, igun oòrùn bá igun oòrùn mu, ìkẹta kò sì ní ibi tí yóò sá sí, nítorí igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ pé 180. Nígbà tí àwọn igun bá ti bára mu báyìí, kékeré lè kéré, ńlá lè tóbi, iye ìgbà tí ìdúró fi ju òjìji lọ kò ní yí padà. Nínú ti ọ̀pá yín, 1.50 jẹ́ ìlọ́po 1.25 ti 1.20, igi náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po 1.25 ti òjìji tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n igun 90 tó wà nídìí yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́. Ọ̀pá yín wà lórí kọnkéré tó tẹ́jú, ó ní igun 90. Òjìji igi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, igun tó wà láàárín igi àti òjìji rẹ̀ ti ju 90 lọ. Àwọn méjèèjì kò jọra mọ́, ẹ sì ń fi ọ̀kan wọn èkejì. Ká ní ilẹ̀ ibẹ̀ ń rẹlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15 ní mítà kọ̀ọ̀kan (mo kàn ń méfò ni o), mítà 24.4 tí ẹ wọ̀n lórí ilẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bíi 24.1 bí a bá na téèpù kó dọ́gba pẹ̀lú ojú omi, ẹnu òjìji yóò sì fi mítà 3.6 rẹlẹ̀ ju ìdí igi lọ. 24.1 lọ́nà 1.25 jẹ́ 30.1. Yọ 3.6 tí kì í ṣe ara igi kúrò níbẹ̀, ohun tó kù ni 26.5. Ẹ bá mi kí àbúrò yẹn.

Bíríkìlà Adó:
Àlàyé Olùkọ́ yé mi dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe méfò ilẹ̀ nígbà tí ẹ lè wọ̀n ọ́n. Ẹ wá rọ́bà funfun tí a lè rí inú rẹ̀, irú èyí tí àwa bíríkìlà fi ń mú kí ilẹ̀ ilé dọ́gba, kí ẹ rọ omi sí i títí yóò fi kù díẹ̀ kó kún, kí ẹ sì rí i pé afẹ́fẹ́ kò há sí àárín omi náà. Kí ẹnì kan di ẹnu rọ́bà kan mú ní ìdí igi, kí ẹnì kejì di ẹnu kejì mú ní ẹnu òjìji. Ojú omi yóò dọ́gba ní ẹnu méjèèjì láìwo òkè wo ìsàlẹ̀. Ẹ wọn bí ojú omi ṣe ga sí ilẹ̀ tó níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ìyàtọ̀ àárín wọn ni iye tí ilẹ̀ fi rẹlẹ̀. Bí rọ́bà kò bá gùn tó, tí ilẹ̀ sì rẹlẹ̀ jù fún un, ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta, mítà 8 mítà 8, kí ẹ ro ìyàtọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Ọ̀nà kan wà tó tún rọrùn ju èyí lọ: ẹ gbé ọ̀pá náà lọ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan náà. Bí igi àti ọ̀pá bá jọ dúró ṣánṣán, tí òjìji méjèèjì sì ń sọ̀ lórí ilẹ̀ tó dà bákan náà, igun ìdí wọn kì í ṣe 90 mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n igun ti ọ̀kan yóò bá ti èkejì mu, ìyẹn sì ti tó fún ìjọra. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í ni pé wọ́n máa ń rì ọ̀pá kó fi igun 90 bá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pàdé, bẹ́ẹ̀ igi kì í hù bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀run ni igi ń kọ sí lórí òkè yòówù tó bá wà. Ẹ so òkúta kékeré mọ́ ìdí okùn, kí ẹ fi okùn náà kọ́ orí ọ̀pá, kí ọ̀pá àti okùn jọ sọ̀ kalẹ̀ láìyà síra.

Àwọn àgbà ní ara òkìtì ni orúkọ Èkìtì ti wá. Inú ìwé ni ilẹ̀ ti máa ń tẹ́ bí ojú tábìlì. Ẹni tó bá gbé ìṣirò yìí dé Ẹ̀fọ̀n gbọ́dọ̀ wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà kó tó gbójú sókè wo orí igi.

Àbúrò Ọmọ Ẹ̀fọ̀n:
Ẹ ṣeun, sà. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ bí mo ṣe ṣe é, nítorí náà mo ní kí n sọ ọ́ fúnra mi. Mo gé bébà kan kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, mo ṣẹ́ ẹ po láti igun dé igun, ó di onígun mẹ́ta tí igun kan rẹ̀ jẹ́ 90, tí méjì yòókù sì jẹ́ 45 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbẹ́ méjì tó pàdé ní igun 90 gùn bákan náà, òun ni mo sì fẹ́ lò. Mo fi òwú so nọ́ọ̀tì kẹ̀kẹ́ kan mọ́ igun òkè kí n lè máa rí i pé ẹ̀gbẹ́ tó nàró kò dagun, mo gbé igun ìsàlẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ mi sí ẹ̀gbẹ́ ojú, mo wá ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀gbẹ́ gígùn fi tọ́ka sí orí igi gan-an. Láti ibi tí mo dúró dé àárín igi jẹ́ mítà 24.9. Mo fi gíga ojú mi sí ilẹ̀, mítà 1.6, kún un, ó di 26.5. Mo kọ́kọ́ gbàgbé láti fi gíga ojú kún un, ìgbà tí mo wọlé tán ni mo rántí. Ojú ọ̀nà tí mo dúró sí àti ìdí igi wà ní ìpele kan náà, nítorí ẹ̀gbẹ́ òkè ni ọ̀nà yẹn gbà lọ láìgòkè láìsọ̀.

Olùkọ́ Ìṣirò, Ìkéré:
Gbólóhùn rẹ tó kẹ́yìn yẹn ló gba máàkì jù lọ́wọ́ mi. Fún àwọn tí kò ní irú ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀: kí ẹ tó kúrò lójú kan, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ bébà, èyí tó dùbúlẹ̀ gbọọrọ, wo ara igi, kí ẹnì kan fi ẹfun sàmì sí ibi tí ojú yín bà. Láti àmì yẹn dé ìdí igi ni ohun tí ẹ ó fi kún jíjìnnà yín, kì í ṣe gíga ojú yín. Ẹni tó dúró sókè lè rí i pé àmì òun wà ní mítà 4 sí ilẹ̀. Ẹni tó dúró sísàlẹ̀ pátápátá lè rí i pé abẹ́ ìdí igi ni ojú òun bà, yóò sì yọ ọ́ kúrò dípò kó fi kún un. Téèpù náà kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ lé ilẹ̀, àfi kí a nà án kó dọ́gba.

Awọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìntì, Ìkọ̀lé:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Ohun kan ni mo fẹ́ bi Ọmọ Ẹ̀fọ̀n. Igi àràbà a máa na ìdí rẹ̀ síta bí ògiri. Báwo lo ṣe gbé téèpù dé àárín rẹ̀?

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, bàbá. Láti etí ìdí tó yọ síta dé ẹnu òjìji jẹ́ mítà 22.7. Mo wọn ìbú ìdí igi láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, ó jẹ́ 3.4, mo wá fi ìdajì rẹ̀, 1.7, kún 22.7.

Mo sì ti ṣe ohun tí Bíríkìlà ní kí n ṣe. Láàárọ̀ yìí mo dúró de wákàtí kan náà, òjìji igi ṣì jẹ́ 24.4, mo wá gbé ọ̀pá lọ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pẹ̀lú okùn àti òkúta. Òjìji ọ̀pá kò jẹ́ 1.20 mọ́, 1.38 ni. 24.4 lọ́nà 1.50, kí a pín in sí 1.38, ó bọ́ sí 26.5 géérégé. Rọ́bà omi ní ilẹ̀ fi mítà 3 ààbọ̀ ó lé díẹ̀ rẹlẹ̀. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àbúrò mi.

Awọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìntì, Ìkọ̀lé:
O gbọ́n tí o fi ìdajì ìdí igi kún un. Wọ́n ròyìn pé Thales ará Miletus, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gíríìsì kan, wọn gíga òkìtì òkúta àwọn ọba Íjíbítì ní nǹkan bíi 2,600 ọdún sẹ́yìn. Ó dúró títí di wákàtí tí òjìji ara rẹ̀ gùn tó gíga rẹ̀, ó ní ní wákàtí yẹn òjìji òkìtì náà pẹ̀lú yóò gùn tó gíga tirẹ̀. Ọgbọ́n náà dùn létí, àmọ́ ẹ wo èyí tó tóbi jù nínú wọn, tó wà ní Giza: ẹ̀gbẹ́ ìdí rẹ̀ kan jẹ́ nǹkan bíi mítà 230, gíga rẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́ ọ sì jẹ́ nǹkan bíi 146. Nígbà tí oòrùn bá kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan gan-an ní dìgírì 45, abẹ́ òkúta ni mítà 115 nínú òjìji yẹn wà; mítà 31 péré ni ènìyàn yóò rí wọ̀n lóde. Ẹni tí kò bá fi ìdajì ìdí kún un yóò sọ òkè di ilé alájà bíi mẹ́wàá. Àràbà kéré sí i, àṣìṣe kan náà ni.

Ní ti wákàtí, ẹ má ṣe wọn òjìji ní ọ̀sán gangan. Níhìn-ín ní Èkìtì oòrùn kì í dé àtàrí ní agogo 12. Nǹkan bí agogo 12:40 ni, ó sì lè fi bí ìṣẹ́jú 15 ṣáájú tàbí kó fi pẹ́, gẹ́gẹ́ bí oṣù bá ṣe rí. Ní nǹkan bí ọjọ́ 9 oṣù kẹrin àti ọjọ́ 2 tàbí 3 oṣù kẹsàn-án, orí wa gan-an ló ń gbà kọjá, òjìji ọ̀pá yóò sì wọ ìdí ọ̀pá lọ pátápátá. Àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dára, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ ìgbà tí òjìji ti gùn jù tí ẹnu rẹ̀ kò hàn mọ́. Ẹnu òjìji kì í mú bí abẹ. Oòrùn kì í ṣe ojú abẹ́rẹ́, ó ní fífẹ̀ tirẹ̀, bíi ìdajì dìgírì lójú wa. Fún igi tó ga tó tiyín ní wákàtí tí ẹ wọ̀n ọ́n, ibi tí òjìji ti ń ṣá díẹ̀díẹ̀ títí tó fi di ìmọ́lẹ̀ yóò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40. Àárín rẹ̀ ni kí ẹ mú. Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá fi òjìji wọn igi tó wá sọ fún mi pé ó ga ní mítà 26.53, màá bi í léèrè ibi tó ti rí 3 yẹn.

Mo rí i pé ẹ kò tíì mẹ́nu kan dígí. Nígbà tí mo jẹ́ ọmọ iṣẹ́, wọ́n ní kí n wọn òpó omi kan tí kò sí àkàbà lára rẹ̀. Mo tẹ́ dígí sílẹ̀, mo fà sẹ́yìn títí mo fi rí orí òpó nínú rẹ̀, mo wọn láti ẹsẹ̀ mi dé dígí, mo wọn láti dígí dé òpó. Ìmọ́lẹ̀ ń kúrò lójú dígí ní igun kan náà tó fi dé ibẹ̀, nítorí náà èmi àti òpó jọ ṣe onígun mẹ́ta méjì tó jọra, dígí sì jẹ́ orígun tí wọ́n ti pàdé. Ọ̀gá mi wọ̀n ọ́n lẹ́yìn mi pẹ̀lú ẹ̀rọ, ó fi mítà 2 dín sí tèmi. Òkúta wẹ́wẹ́ kan ló wà lábẹ́ etí dígí. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: bí ojú yín bá ga ní mítà 1.6, tí ẹ dúró ní mítà 1.2 sí dígí, tí dígí sì jìnnà sí igi ní mítà 19.8, igi náà jẹ́ 26.4. Bí dígí bá dà sí ẹ̀yìn tàbí síwájú ní dìgírì 1 péré, igun ìmọ́lẹ̀ yóò fi dìgírì 2 ṣìnà, 26.4 sì lè di 28.4. Láti ọjọ́ náà, omi inú bàsíà ni mò ń lò. Mo máa ń da èédú lílọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó dúdú kí orí igi lè hàn nínú rẹ̀, mo sì máa ń dúró kí atẹ́gùn rọlẹ̀. Omi kò nílò ẹni tí yóò tẹ́ ẹ dọ́gba.

Agégi, Ìjerò:
Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ igi gígé, n kò sì gbé bébà tàbí bàsíà lọ sóko rí. Ọ̀pá la ń lò. Ẹ ṣẹ́ ọ̀pá tó gùn tó ìwọ̀n láti ojú yín dé ìkúùkù yín nígbà tí ẹ bá na apá tán, kí ẹ dì í mú nídìí kó nàró, kí ẹ máa fà sẹ́yìn títí ìkúùkù yóò fi bo ìdí igi tí orí ọ̀pá yóò sì bo orí igi. Bí ilẹ̀ bá tẹ́jú, ibi tí ẹ dúró sí yẹn ni orí igi yóò dé bó bá wó tọ̀ yín wá. Apá yín àti ọ̀pá dọ́gba, ni jíjìnnà yín àti gíga igi fi dọ́gba. Bí kò bá sí àyè láti fà sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀, ẹ mú ọ̀pá kúkúrú kó bo igi tán, kí ẹ wá yí ọrùn ọwọ́ títí ọ̀pá yóò fi dùbúlẹ̀, láì mú ìkúùkù kúrò ní ìdí igi. Kí ọmọ kan rìn láti ìdí igi lọ sí ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi dé ẹnu ọ̀pá lójú yín. Ẹ pariwo pé kó dúró, kí ẹ wọn ibi tó dé.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun tí òjìji lè fi tàn yín jẹ. Bí igi bá ṣì ní ewé, tí orí rẹ̀ tẹ́ bí agboòrùn, ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ ló máa ń ju òjìji rẹ̀ jìnnà jù, kì í ṣe orí rẹ̀, ẹ ó sì rò pé igi náà ga ju bó ṣe ga lọ. Nítorí pé àràbà yín ti di ọ̀pá ni òjìji fi sọ òtítọ́ fún yín.

Ohun tó kàn mí jù nìyí. 26.5 kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti wó igi kọjú sí ilé ìdáná nítorí pé ó ku mítà 1 ààbọ̀. Igi tó ti kú ti gbẹ. Bó bá bọ́ sílẹ̀, orí rẹ̀ máa ń ṣẹ́ fò síwájú. Ẹ jẹ́ kí agégi yín wó o sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú okùn, kí ẹ kó ènìyàn kúrò nínú ilé ìdáná, kí ẹnikẹ́ni tí kò ní iṣẹ́ níbẹ̀ má sì sún mọ́ igi náà tó ìlọ́po méjì gíga rẹ̀.

Ìyá Olóko, Ọ̀yẹ́:
Ẹ má bínú sí mi o, èmi kò ní igi tí mo fẹ́ gé. Odò kan la oko mi kọjá, mo fẹ́ ra rọ́bà tí màá fi fa omi láti ẹ̀rọ tó wà lápá ọ̀hún, odò náà sì kún lọ́wọ́ yìí débi pé a kò lè wọ́dò. Báwo ni màá ṣe mọ ìbú rẹ̀ kí n má baà ra rọ́bà tó kúrú?

Bíríkìlà Adó:
Ẹ kú oko, mà. Onígun mẹ́ta kan náà ni, a kàn dá a dùbúlẹ̀ ni. Ẹ mú igi kan lójú ní etí odò lọ́hùn-ún, kí ẹ ri èèkàn àkọ́kọ́ sí òdìkejì rẹ̀ gan-an lápá ọ̀dọ̀ yín. Láti ibẹ̀, ẹ yà ní igun 90, kí ẹ rìn tẹ̀ lé etí odò ní mítà 20, ẹ ri èèkàn kejì síbẹ̀. Ẹ tún rìn síwájú ní mítà 5 lórí ìlà kan náà, ẹ ri ẹ̀kẹta. Níbi ẹ̀kẹta yìí ni kí ẹ ti kẹ̀yìn sódò ní igun 90, kí ẹ máa rìn wọ inú oko títí èèkàn kejì yóò fi bo igi ọ̀hún lójú yín. Ẹ wọn ohun tí ẹ rìn láti ibi ẹ̀kẹta. Bó bá jẹ́ mítà 8.5, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 4, nítorí pé ìlọ́po 4 ni 20 jẹ́ sí 5, igi náà jẹ́ mítà 34 sí èèkàn àkọ́kọ́ yín. Ẹ yọ àyè tó wà láàárín èèkàn àti omi, àti láàárín omi àti igi, bí ẹ bá fẹ́ ìbú omi nìkan. Ní ti rọ́bà, ẹ má yọ àyè wọ̀nyẹn kúrò, kí ẹ sì rà á kó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀.

Igun 90 ni àwọn ènìyàn máa ń fi ojú dá, ibẹ̀ ni iṣẹ́ sì ti ń bàjẹ́. Ẹ mú okùn mítà 12, ẹ so kókó sí mítà 3 àti mítà 7, kí ẹ so ẹnu méjèèjì pọ̀. Kí ènìyàn mẹ́ta di kókó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú kí wọ́n fà á le: ẹ̀gbẹ́ yóò jẹ́ 3, 4 àti 5, igun tó wà láàárín 3 àti 4 kò sì lè jẹ́ ohun mìíràn ju 90 lọ. Òun la fi ń sàmì ìpìlẹ̀ ilé.

Ọmọ Ìkéré:
Ṣé a lè fi ọgbọ́n yìí wọn Olósùnta tàbí Òróòlé, àwọn òkè àpáta ìlú wa? Kò sí bí a ṣe lè gbé téèpù dé abẹ́ orí òkè, nítorí inú àpáta ni ibẹ̀ wà.

Awọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìntì, Ìkọ̀lé:
A lè wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n ibi méjì lo máa dúró sí dípò ẹyọ kan. Wá ilẹ̀ tó tẹ́jú tó kọjú sí òkè náà. Rì ọ̀pá tí orí rẹ̀ fi mítà 1 gan-an ga ju ojú rẹ lọ, kí o fà sẹ́yìn títí orí ọ̀pá yóò fi kan orí òkè lójú rẹ. Ká ní mítà 2 ló wà láàárín ojú rẹ àti ọ̀pá: ó túmọ̀ sí pé fún gbogbo mítà 1 tí òkè fi ga ju ojú rẹ lọ, ó jìnnà sí ọ ní mítà 2. Kẹ̀yìn sí òkè, kí o rìn tààrà ní mítà 60 láti ibi tí o dúró sí, tún rì ọ̀pá, tún wò ó. Ká ní ó di 2.5 báyìí. Mítà kọ̀ọ̀kan gíga òkè ti fi ìdajì mítà kún jíjìnnà rẹ, gbogbo ohun tó sì fi kún un jẹ́ 60. Nítorí náà òkè náà fi mítà 120 ga ju ojú rẹ lọ. Iye àpẹẹrẹ nìyẹn o, kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ ní Ìkéré pé mo ní Olósùnta ga ní mítà 120.

Ewu ọ̀nà yìí pọ̀ ju ti igi lọ. Bó bá jẹ́ pé 2.45 lo kà dípò 2.5, sẹ̀ǹtímítà 5 péré, 120 yóò di 133. Má ṣe fi mítà 60 ṣe é. Rìn sẹ́yìn ní mítà 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí àyè bá wà, kí o wò ó nígbà mẹ́ta ní ibì kọ̀ọ̀kan, kí ẹni mìíràn sì bá ọ ka téèpù.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n:
Mo padà wá jábọ̀. Igi ti wó ní Sátidé. Agégi tí a pè fi okùn fà á sí apá oko kòkó, a sì ti kó ìkòkò ìyá wa jáde kí ó tó fi ẹ̀rọ kàn án. Kò tíì balẹ̀ tán tí àbúrò mi fi gbé téèpù dé: kùkùté jẹ́ mítà 1.2, igi tó wà nílẹ̀, lẹ́yìn tí a to àwọn ibi tó ṣẹ́ pọ̀, jẹ́ 25.1. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 26.3. Ilé ìdáná kò gbọ́ nǹkan kan.

Agégi Ìjerò, ẹ kú ìmọ̀ràn. Orí igi ṣẹ́ kúrò gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Ègé kan tó gùn tó apá àgbàlagbà fò wọ inú oko kòkó, mítà 33 ló sì wà láàárín rẹ̀ àti kùkùté. Ìyá wa kò gba téèpù gbọ́, ó fi ẹsẹ̀ ka ibẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ní kí n rí i pé mo kọ ọ́ síbí.